Orí Keje: Bátìrì Kẹrin

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dìde níbẹ̀. Agogo méjìlá ni wọ́n ń bọ̀."

Ìyá ṣì ń kí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ṣí ilẹ̀kùn pákó kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ wọ inú òkùnkùn ibẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bà lé bátìrì kẹrin, èyí tí wọ́n fi abala fìlà Bàbá so lọ́rùn.

"Bàbá Ṣíyan, ẹ kú àárọ̀ o," ni ó wí. "Ara yín gbóná dáadáa lónìí, inú mi dùn. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìgbìmọ̀ yìí o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó wa kúrò lójú ọ̀nà."

Jọláadé dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti sípánà lọ́wọ́. Láti ìdájí ni inú ti ń bí i, bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, ó ti tó oṣù méjì. Inú ń bí i sí Ìgbìmọ̀ Ojú Ọ̀nà. Inú ń bí i sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé. Inú ń bí i sí àwọn aládùúgbò tó ń fi ẹnu rẹ́rìn-ín kí i, tí wọ́n á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n èyí tó bí i nínú jù ni àwọn bátìrì mẹ́rin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí wọn kì í yó.

Ìlà pupa méjì ti wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀-ilé wọn. Gbogbo ẹni tó ń gbé orí táyà láti ìgbà tí òkun ti gbé Ẹ̀pẹ́ mì ló mọ ohun tí ìlà pupa ń wí: ilé yìí kò lè bọ́ ara rẹ̀ ní iná. Tí wọ́n bá fa ẹ̀kẹta, àlàyé tán. Ọkọ̀ ńlá Ìgbìmọ̀ yóò wọ́ ilé lọ, wọn yóò sì kó àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ sí Àgbàlá Ìsinmi. Orúkọ náà dùn létí. Ẹ lọ bi Ìyá Rífíkátù tí wọ́n kó lọ lọ́dún tó kọjá, ẹni tó máa ń juwọ́ láti ẹ̀yìn ọgbà nígbàkígbà tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ wọn bá ń kọjá, tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kì í ṣí àfi tí ẹnìkan tí kò rí rí bá tẹ bọ́tìnnì ní ìlú mìíràn. Ìyá ti búra pé òun yóò kú kí òun tó wọ ibẹ̀. Ìyá kì í sì í búra lásán.

"Màmá, iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀," ni Jọláadé tún wí.

"Kí lo ti ń ṣe níbẹ̀ láti ìdájí? O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti bàbá rẹ o."

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Mẹ́ta tó jẹ́ tèmi nìkan ni mo tú sílẹ̀."

"Ó dáa. Ọwọ́ Ṣíyan ẹ̀gbọ́n rẹ ló so ó mọ́lé. Tó bá máa kúrò níbẹ̀, ọwọ́ Ṣíyan náà ni."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọ̀wọ́ ọkọ̀, láti Ògèrè títí dé Jẹ́bà. Tí baálé bá kú, wọn kì í pín ilẹ̀, nítorí pé kò sí ilẹ̀ mọ́. Bátìrì rẹ̀ ni wọ́n ń pín. Dáwódù ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ogún náà mọ́ bátìrì àwọn ọmọ, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, yóò sì ya fìlà òkú, yóò fi dè é lọ́rùn. Tí bátìrì náà bá ń gbóná, wọ́n á ní baálé wà nílé. Àwọn tí tiwọn tutù a máa jowú àwọn tí tiwọn gbóná. Ti Bàbá gbóná ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo ìlà ọkọ̀ wọn, Ìyá sì máa ń fi yangàn níbi tí wọ́n bá ti ń pọn omi.

Nígbà tí Ìyá jáde lọ ṣa ẹ̀wà lábẹ́ ìbòrí, Jọláadé fi ikùn lélẹ̀, ó sì ti orí bọ inú àpótí bátìrì. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ń gbọ́ òórùn náà láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti fọ àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí rẹ̀, ó ti ro pé eku ló kú sábẹ́ pákó.

Kò sí ohun tí kò tíì dá lẹ́bi. Yìnyín ló ń tà tẹ́lẹ̀, nígbà tí ilé sì kùnà ní ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ìlà ló ní yìnyín ló ń jẹ iná. Ó pa ẹ̀rọ yìnyín. Ó gun orí ọkọ̀ lọ fi ọṣẹ fọ sólà bí ẹni ń fọ àwo. Ó pààrọ̀ wáyà tó lọ sí ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Ó ta ẹ̀rọ yìnyín náà níkẹyìn, ó fi ra bátìrì òjé tuntun mẹ́ta rọ́pò àwọn tirẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé òjé nìkan ni òfin gbà fún ará ojú ọ̀nà; àwọn bátìrì fífúyẹ́ tó ń pẹ́ jẹ́ ti àwọn tó ní ilé lórí òkè. Ó gbé òjé náà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Wọ́n tún dán ilé wò, ilé tún kùnà. Nígbà yẹn ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ń fi ìkọ̀kọ̀ ta iná ni.

Ìwé kan wà tí ó bá nínú àpótí awakọ̀ nígbà tí wọ́n ra ọkọ̀-ilé náà, ìwé àtijọ́ tí ọ́ọ̀lì ti rin ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Níbẹ̀ ló ti kọ́ pé iná méjì ló wà nínú ọkọ̀-ilé: bátìrì iwájú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jí ẹ́ńjìnnì lọ, àti àwọn bátìrì ẹ̀yìn, tí wọ́n ń gbé fírìjì, fáànù, pọ́ǹpù omi àti gílóòbù. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Má ṣe so ògbólógbòó bátìrì mọ́ tuntun." Jọláadé ti ka ọ̀rọ̀ yìí tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Kò fìgbà kan wá sí i lọ́kàn pé ó kan òun. Ti ọjà ni ó rò pé wọ́n ń wí. Ta ló máa pe bàbá rẹ̀ ní ògbólógbòó bátìrì?

Lánàá ni ó rí ojú ewé mìíràn, níbi tí wọ́n ti sọ pé kí èèyàn tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó pa sólà, kí ó jẹ́ kí wọ́n sinmi, lẹ́yìn náà kí ó fi tẹ́sítà, ẹ̀rọ tó ń ka agbára iná, bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì ni wọ́n ti fi sinmi báyìí. Ó fi ẹnu tẹ́sítà kan orí pupa àti orí dúdú ti àkọ́kọ́. Méjìlá ààbọ̀ àti díẹ̀. Èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà. Ara wọn dá ṣáká.

Ó nawọ́ sí ẹ̀kẹrin. Tẹ́sítà nìkan ló fi kàn án, ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án.

Mẹ́wàá ààbọ̀.

Ó nu ẹnu tẹ́sítà mọ́ aṣọ rẹ̀, ó tún fi kàn án. Mẹ́wàá ààbọ̀. Ó nà, ó tan gílóòbù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ti Bàbá nìkan ló ṣì so mọ́ ilé lásìkò yẹn, òun nìkan ló sì yẹ kí ó tan iná náà. Gílóòbù pọ́n bí ojú ẹni tó mu ọtí, kò mọ́lẹ̀. Ó tẹ pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù kérora, ó dákẹ́.

Jọláadé fa ìwé náà jáde, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ya inú bátìrì. Yàrá mẹ́fà ni. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń gbé méjì àti díẹ̀, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ni méjìlá àti díẹ̀. Tí yàrá kan bá wó, mẹ́wàá ààbọ̀ ló kù. Àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn kò sì ní mọ̀ pé ó ti wó. Wọn yóò máa da tiwọn sínú rẹ̀ tọ̀sántòru, bí ẹni ń pọn omi sínú agbọ̀n, títí tiwọn náà yóò fi gbẹ. Ó wá ka ìlà tó tẹ̀ lé e, ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì. Ìlà náà ní bátìrì tí yàrá rẹ̀ ti wó a máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, kò sì lè tọ́jú iná tí wọ́n ń fún un. Ooru ló ń sọ ọ́ dà.

Ooru. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ọdún mẹ́ta, ooru yìí ni Ìyá ń kúnlẹ̀ kí.

Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Ìbínú ni, ìbínú tó mú kí etí rẹ̀ máa hó. Ó gbé rédíò tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Adéṣíyan dé pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Òun ni dáwódù, òun náà sì ni olórí ìlà wọn, ẹni tó máa ń sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Ó kí Ìyá lábẹ́ ìbòrí, ó bá a ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀wà tó ń ṣà, kí ó tó gun àtẹ̀gùn wọlé.

"Kí ló tún dé? Mo ti sọ fún ọ pé yìnyín yẹn—"

"Oṣù méjì ni mi ò ti ta yìnyín, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ wá wo nǹkan."

Ó fi tẹ́sítà kan àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lójú rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà wọn sókè. Ó wá fi kan ẹ̀kẹrin. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n òun ya ẹnu, kí ó ní irọ́ ni, kí ó gba tẹ́sítà lọ́wọ́ òun. Adéṣíyan kò wo nọ́ńbà náà rárá. Ojú ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ wò, bóyá Ìyá ń gbọ́.

Ohun tó yẹ kí Jọláadé bi í ti yí padà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀."

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti mọ̀ tipẹ́! Bátìrì Bàbá tó kàn yín ńkọ́? Níbo ló wà?"

"Ó wà nílé mi. Níbo ni ìbá tún wà?"

"Ṣé ẹ so ó mọ́ tiyín?"

Adéṣíyan yọ pákò lẹ́nu, ó ń wò ó bí ẹni pé pákò náà ló ṣẹ̀. "Ó wà lórí pẹpẹ. Mo fi aṣọ funfun bò ó."

"Kò sí wáyà lára rẹ̀."

"Jọláadé, òjé tó ti kú ni. Ta ni yóò so òkú òjé mọ́ ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí?"

Ohun tó sọ yìí tán lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Jọláadé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn kankan.

"Ilé tèmi ni ẹ wá so ó mọ́."

"O rántí bí Màmá ṣe wà lọ́jọ́ yẹn," ni Adéṣíyan wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò jẹun. Mo so ó, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ gbóná. Màmá fọwọ́ kàn án, ó ní, 'Àṣé ẹ ò tíì lọ.' Ó ní kí n bu oúnjẹ wá. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n ní kí ó má jẹun mọ́?"

"Kí ẹ sọ fún èmi! Ṣé ẹ̀yin nìkan ni Bàbá bí ni? Bátìrì mẹ́ta tí mo fi ẹ̀yìn gbé wọlé, nǹkan yẹn ló ń fà wọ́n mu. Ẹ rí ìlà pupa kìn-ín-ní, ẹ dákẹ́. Ẹ rí èkejì, ẹ dákẹ́. Ẹ dúró láàárín èèyàn, ẹ ní yìnyín ni. Àwọn èèyàn ń pè mí lólè létí yín! Ṣé ẹ ó dákẹ́ títí wọ́n á fi gbé Màmá jù sí Àgbàlá ni?"

"Mo rò pé àwọn tuntun yóò lè gbé e."

"Ẹ ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ò fẹ́ rò ó ni."

Ìyá ké sókè láti òde, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń fà níbẹ̀?"

"Kò sí o, Màmá," ni Adéṣíyan dáhùn kíákíá. Ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀. "Gbọ́ mi. Mo ti mọ ohun tí a ó ṣe. Màá tú wáyà rẹ̀ nísinsìnyí, ọwọ́ mi náà ló so ó, kò sẹ́ni tó máa bá wa wí. A ò ní tú fìlà ọrùn rẹ̀. A ó sún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ínfátà. Ínfátà máa ń gbóná, ooru rẹ̀ á máa ràn án. Ilé á yege, Màmá á máa kí ọkọ rẹ̀ lọ. Ta ni yóò mọ̀?"

Jọláadé rí i pé ọ̀nà náà dára. Àbùkù rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ilé yóò dúró, òfin ọ̀wọ́ ọkọ̀ yóò dúró, Ìyá kò ní sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti nawọ́ láti gba sípánà. Ó kàn kí òun náà pa ẹnu mọ́ ni, bí ẹni yìí ti ṣe pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́ta.

"Tí mo bá sọ fún un ńkọ́?"

"Tí o bá fẹ́ sọ fún un, mi ò fọwọ́ kàn án. Kí o fi ọwọ́ ara rẹ tú ogún bàbá rẹ. O sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá tú ogún."

Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí yóò lù ú. Kìkì pé tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ bá dúró, kò ní sí ẹni tí yóò fẹ́ gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò na wáyà fún un bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí oòrùn kò yọ.

Láti ojú fèrèsé ó rí Ìyá lábẹ́ ìbòrí, tí ó ń ju ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ sẹ́yìn fún adìyẹ. Ó gbìyànjú láti rí àwọn òwúrọ̀ tó ń bọ̀: Ìyá lórí eékún, Ìyá tí ó ń ní ara yín gbóná dáadáa lónìí, tí òun Jọláadé yóò sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò mọ̀ pé ínfátà ni ìyá tó bí òun lọ́mọ ń kí. Ó rí i pé ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ pa ínfátà láti ṣe àtúnṣe, òun yóò ní láti wá irọ́ mìíràn. Gbogbo ara rẹ̀ gbóná. Irọ́ yìí kan náà ló fẹ́ lé wọn kúrò lójú ọ̀nà, òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún nù, tó mú kí ó dán, tó gbé fún un.

"Ẹ kúrò lọ́nà," ni ó wí.

"Jọláadé."

"Mo ní kí o kúrò lọ́nà!"

Láyé rẹ̀, kò tíì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Adéṣíyan sún sẹ́yìn. Jọláadé kúnlẹ̀, ó tú orí dúdú ná, bí ìwé ṣe wí, kí sípánà má baà kan irin ọkọ̀ kí ó sì ta iná. Ó tú orí pupa. Ó di àwọn mẹ́ta tirẹ̀ padà mọ́ ilé, ó tan súwíìṣì sólà. Gílóòbù orí bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ gbòò, funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Fírìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Oṣù méjì ni ó ti ń gbàdúrà fún ìró yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, inú rẹ̀ kò dùn.

Ó pe Ìyá wọlé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀, ó kàn sọ ọ́ ni: yàrá mẹ́fà, ọ̀kan tó wó, iná tí àwọn yòókù ń dà sínú rẹ̀ tó ń di ooru. Ìyá ń gbọ́. Nígbà tó parí, Ìyá na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bátìrì kẹrin.

"Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Á tutù, Màmá. Bàbá kọ́ ni. Iná àwọn tuntun ló ń gbóná nínú rẹ̀."

Ìyá gbé ojú sókè sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Ṣíyan, ṣé òótọ́ ni?"

Adéṣíyan wo ilẹ̀. Ìyá sì mọ̀ pé òótọ́ ni, àti pé Ṣíyan ti mọ̀ tipẹ́. Jọláadé ń dúró kí ìbínú Ìyá bọ́ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí, ó tilẹ̀ ń wù ú kí ó rí i. Jọláadé fúnra rẹ̀ ni Ìyá kọjú sí.

"Ta ló bi ọ́?"

"Màmá?"

"Mo ní ta ló bi ọ́ léèrè?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́ta, ó sì fi mí sílẹ̀ nílé ọkọ mi. Ìwọ, òwúrọ̀ kan péré lo mọ̀ ọ́n, o ti sọ mí di opó."

"Wọn ìbá kó yín lọ sí Àgbàlá lónìí! Ẹ ti búra pé ẹ ò ní wọ ibẹ̀. Nítorí yín ni mo ṣe é!"

"O gba ilé là. Máa gbé inú rẹ̀." Ìyá ti ń fa àpò rẹ̀ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìró méjì, gèlè kan, ọṣẹ dúdú rẹ̀ nínú ike. Kò gbàgbé ohun kankan. "Ṣíyan, gbé bàbá rẹ ká máa lọ."

"Màmá, ilé àwọn tó purọ́ fún yín lẹ fẹ́ lọ gbé?"

"Ẹni tó purọ́ fún mi ro tèmi kí ó tó pa á," ni Ìyá wí. "Ìwọ kò rò ju nọ́ńbà lọ."

Adéṣíyan gbé òjé náà síwájú ikùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lábẹ́ ìwúwo rẹ̀, abala fìlà Bàbá ń fì lọ́rùn bátìrì. Gbogbo ìlà ló jáde wò wọ́n ní ojúmọmọ. Ìyá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn tòun ti àpò, kò wẹ̀yìn. Ọkùnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún ti Jọláadé wo wáyà tí kò sí lórí bátìrì náà mọ́. Ó wọnú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ìparí ìlà. Jọláadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di sípánà mú títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Inú ń bí i débi pé kò rí ẹkún sun.

Agogo méjìlá ni Ìgbìmọ̀ dé lóòótọ́. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ eérú ló wá, pẹ̀lú Akọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé kò ga ju ewúrẹ́ lọ, ó ń yí lórí táyà kékeré mẹ́rin, ó sì ní ohùn bàbá àgbàlagbà kan.

"Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀yin olùgbé ojú ọ̀nà," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú iṣẹ́ ilé."

Jọláadé yà lọ́nà fún irin náà.

Wọ́n na tapólì dúdú bo sólà tó wà lórí ọkọ̀, kí bátìrì nìkan máa gbé ilé. Wọ́n tan fírìjì, fáànù, pọ́ǹpù àti gbogbo gílóòbù. Akọ̀wé fi wáyà gba ara bátìrì iwájú kọjá kí ó rí i dájú pé kò sí ẹni tó ń fi iná rẹ̀ kún ti ẹ̀yìn. Ó fi èdìdì sí ilẹ̀kùn pákó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró. Ìgbà àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́ta péré ni nọ́ńbà fi wá sísàlẹ̀ méjìlá, tí ilé fi kùnà. Lónìí, wákàtí mẹ́ta kọjá, ó wà lókè. Ẹ̀kẹrin kọjá. Fáànù ń fẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ẹni tó sùn lé e. Àwo ẹ̀wà tí Ìyá ń ṣà ṣì wà níta lábẹ́ ìbòrí, adìyẹ sì ti da á nù.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Akọ̀wé kà á: méjìlá àti díẹ̀.

"Ilé yìí yege," ni ohùn bàbá àgbàlagbà náà wí. "Ẹ kú oríire."

Ọmọbìnrin náà mú àkísà, ó fi omi rin ín, ó nu ìlà pupa méjèèjì kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dà bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn lóòótọ́.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, ká lè tún ilé yín kọ sílẹ̀. Èèyàn mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí?"

"Méjì."

Akọ̀wé yí orí rẹ̀ lọ yí ká inú ọkọ̀. "Ẹnìkan ni mo rí," ni ó wí.

"Méjì ni."

Ọmọbìnrin náà wo bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ìrọ̀rí lórí rẹ̀, kò sí àpò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ ẹyọ kan. Tí a bá kọ méjì, wọ́n á padà wá wò ó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Tí wọ́n bá bá ẹnìkan, irọ́ ni wọ́n á kà á sí. Wọn ò ní fa ìlà kankan mọ́, wọ́n á kàn wọ́ ilé lọ ni. Ṣé ẹ rí i? Ilé yín ti bọ́. Ẹ má tún—"

"Ta ló bi ọ́?" ni Jọláadé wí.

Ọmọbìnrin náà gbé ojú kúrò lára bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá mi ń gbé ibí yìí. Ó jáde ni. Kọ méjì."

Akọ̀wé kọ méjì. Jọláadé ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó sì lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.